Gìgísẹ̀ tó le, tó sì ń là: ẹ mọ ohun tó fà á kí ẹ tó gbé òkúta sí i

Ẹ rẹ ẹsẹ̀ sómi lálẹ́ Sátidé, ẹ fi òkúta ha á títí ó fi dán, ẹ wọ bàtà tó dáa lọ sóde lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti tún le bí èèpo ọsàn tó gbẹ, ó sì ti là débi pé ó ń fa òwú aṣọ ibùsùn yọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún gbé òkúta. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé awọ kì í déédéé nípọn. Nǹkan kan ló ń pàṣẹ fún un pé kó nípọn: bàtà tó ń ha ẹsẹ̀, làpálàpá tó ti ràn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àìsàn kan nínú ara, tàbí ohun tí a bí mọ́ni. Bí ẹ bá ha á láì mú aláṣẹ yẹn kúrò, awọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èyí tó wá burú jù ni pé híha àhajù gan-an jẹ́ àṣẹ: awọ tí a bá ń fìyà jẹ ló máa ń yi.

Ìtọ́sọ́nà yìí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 28 ni awọ tuntun fi ń ti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá ń wá ẹsẹ̀ ìyàwó fún ọ̀la, kó wá ìbọ̀sẹ̀ tó dáa.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, dígí kékeré kan, àti fóònù tó ń ya fọ́tò
- Báfù kékeré, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ ìnura tó mọ́
- Òkúta ìfọsẹ̀ tó jẹ́ tiyín nìkan
- Ìpara tó ní yúríà nínú. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: 10% fún awọ tó gbẹ lásán, 20% sí 25% fún èyí tó ti le gan-an. Èyí tó jẹ́ 40%, ẹ má rà á láì bi apòògùn
- Vaseline tàbí òrí gidi
- Ìbọ̀sẹ̀ òwú méjì, kí ọ̀kan máa wà ní fífọ̀

Bíléèdì kò sí nínú rẹ̀. Omi bátìrì kò sí nínú rẹ̀, kẹrosíìnì kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ìfọṣọ funfun tí àwọn kan máa ń dà sínú báfù kí ẹsẹ̀ lè “funfun”. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń pe àwọn tó ń gé èékánná kiri ọjà, ẹ mú irinṣẹ́ tiyín fún wọn. Bíléèdì tó ti gé ẹsẹ̀ ẹlòmíì lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV ran yín.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń mọ nǹkan lára

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìpele yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pàdánù ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ di ojú. Kí ẹnì kan fi orí ìka ọwọ́ rẹ̀ kan orí ọmọńka ẹsẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan: àtàǹpàkò, ti àárín, àti èyí tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Ìka mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kó kàn án fẹ́rẹ́, bí ìgbà tí eṣinṣin bà síbẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má rìn ín, kó má sì kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin yóò máa sọ “ọ̀tún” tàbí “òsì” bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má ṣe àyẹ̀wò yìí lórí ibi tó ti le. Ibẹ̀ kì í mọ nǹkan lára tẹ́lẹ̀, yóò kàn dáyà já yín lásán ni.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yege:* ẹ dáhùn fún ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tàbí márùn-ún ó kéré tán. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá lọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ dá dúró níbí. Ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí dókítà sì wo ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi òkúta tàbí oògùn tó ń jẹ awọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà kó yege. Òkúta lè gé e, kó má mọ̀, kí egbò sì ti jinlẹ̀ kó tó rí i.

Bó bá jẹ́ pé ojú ibì kan lára ni kò mọ nǹkan, tí awọ ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀tẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń ba èèyàn lẹ́rù. Oògùn rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wò ó sàn. Ìdádúró ló ń sọni di aláàbọ̀ ara.

Ìpele 2: Ẹ wo bó ṣe tò

Ẹ wò ó ní àárọ̀, kí ẹ tó fi omi tàbí òróró kàn án. Ẹsẹ̀ tí a ti fi òrí pa ń purọ́. Ẹ ya àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ní fọ́tò, ẹ ya àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ ya èékánná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó le àti ibi tí kò le.

Bó bá jẹ́ pé etí gìgísẹ̀, abẹ́ àtàǹpàkò, tàbí ẹ̀gbẹ́ ìka tó kéré jù nìkan ni, bàtà àti ìrìn ló fà á. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù.

Bó bá bo gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ ìyẹ̀fun, tí ojú ìlà ẹsẹ̀ funfun bí ẹfun, ẹ fura sí làpálàpá. Ẹ wá wo ọwọ́: ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo jẹ́ àmì rẹ̀ tí àwọn dókítà awọ ara mọ̀ dáadáa. Kì í fi gbogbo ìgbà yún, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbé e kiri fún ọdún púpọ̀, tó ń pè é ní “ẹsẹ̀ gbígbẹ”.

Bó bá wà ní pẹ́lẹ́bẹ pẹ́lẹ́bẹ tí etí rẹ̀ hàn ketekete, ẹ wo ìgúnwọ́, orúnkún, abẹ́ irun orí, kí ẹ sì wo èékánná bóyá ó ní ihò tóótòòtó bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Psoriasis, àìsàn awọ kan, ni èyí jọ. Àwòrán rẹ̀ tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara òyìnbó ni, ó sì pọ́n bí ata. Lára àwa adúláwọ̀, ó máa ń rí bí àwọ̀ àlùkò tàbí eérú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé “kò pọ́n, kì í ṣe òun”.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, tó dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, tó sì dúró gbọn-in níbi tí awọ ọrùn ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìlà sí i, ìdílé ni kí ẹ kọjú sí.

Àwọn ihò kéékèèké tó máa ń wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ ńkọ́? Wọ́n wọ́pọ̀ lára adúláwọ̀, wọn kì í pani lára. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ wú u.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yege:* ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ibi tó wà àti ibi tí kò dé. “Ẹsẹ̀ mi le” kò tíì tó.

Ìpele 3: Ẹ bi ẹni tó wẹ̀ yín ní kékeré

Ìyá yín, tàbí ìyá àgbà. Ìbéèrè méjì péré ni: ìgbà wo ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí le, ta ló sì tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé? Púpọ̀ nínú èyí tí a ń jogún máa ń hàn ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún kì í sábà jẹ́ ogún.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ìran mẹ́ta sílẹ̀: àwọn òbí àgbà, àwọn òbí pẹ̀lú àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀yin pẹ̀lú ọmọ ìyá yín. Ẹ fi àmì sí ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí àmì bá wà nínú gbogbo ìran láì fo ọ̀kankan, ó jọ èyí tí ẹ̀dà jíìnì kan (ìlànà ara tí a ń jogún) láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó láti fà á. Kératììnì ni èròjà tó ń mú kí awọ lágbára. Bí ìlànà tí ara fi ń ṣe é bá ní àṣìṣe, irú àṣìṣe tó máa ń wà nínú jíìnì KRT9 tàbí KRT1, awọ yóò máa di ara rẹ̀ ní kókó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí ní ìdá kan nínú méjì láti jogún rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ní in, tí bàbá àti ìyá kò ní, ẹ ti mọ ìṣirò yẹn tẹ́lẹ̀ láti ara jẹ́nótáìpù: bí AS ṣe ń pàdé AS ni, ìdá kan nínú mẹ́rin fún oyún kọ̀ọ̀kan.

Ibi méjì làwọn èèyàn ti ń ṣìnà níhìn-ín. Àwọn kan rò pé ó ń ràn, wọn kò sì ní bọ ọmọ náà lọ́wọ́. Kì í ràn rárá. Àwọn kan sì ń ná owó kiri lórí ohun tí yóò “fa gbòǹgbò rẹ̀ tu”. Kò sí ìpara tó ń tún jíìnì ṣe. Ohun tí ẹ lè rí gbà ni ẹsẹ̀ tó rọ̀, tí kò là, tí kò dun yín. Fún ẹni tó ti ń tiro láti kékeré, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ wá béèrè àwọn nǹkan mìíràn tó lè bá a rìn, nítorí àwọn wọ̀nyí ló léwu ju ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ:

- *Eyín.* Ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí eyín wàrà rẹ̀ sì ń mì tó ń já dànù ní bíi ọdún mẹ́rin, tí erìgì rẹ̀ ń wú. Dókítà eyín gbọ́dọ̀ rí i kíákíá, kí eyín àgbà má bàa tún lọ.
- *Ọkàn.* Irú kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní erékùṣù Naxos ní ilẹ̀ Gíríìsì, tó ń ba iṣan ọkàn jẹ́. Ìwé máa ń ní kí a wo irun tó ká kókó bí irun àgùntàn. Ta ni irun rẹ̀ kò ká kókó láàárín wa? Àmì yẹn kò wúlò fún wa tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yẹ kí a béèrè ni pé: ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ilé máa ń dákú, tàbí ǹjẹ́ ẹnì kan ṣubú lulẹ̀ tó sì kú lójijì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́? Bó bá wà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ECG, èyí tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù.
- *Etí.* Àìgbọ́ràn láti kékeré.
- *Ọ̀nà ọ̀fun.* Ẹbí tí ẹsẹ̀ wọn le, tí àgbàlagbà bíi mélòó kan nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ.
- *Èékánná.* Èékánná tó nípọn bí ìwo, pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń dunni débi pé èèyàn ń fi orúnkún rìn nínú ilé.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yege:* bébà ìran mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Dókítà yóò béèrè rẹ̀.

Ìpele 4: Bí kò bá ti ilé wá, ẹ wá a níta

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ jù. Irú iṣẹ́ wo? Bàtà wo? Oògùn wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ṣáájú? Lithium (oògùn àìsàn ọpọlọ kan) àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan wà lára àwọn tó lè mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ le. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró, pàápàá tó bá sanra, lè rí i pé gìgísẹ̀ òun bẹ̀rẹ̀ sí ki, tó ń là, tó sì ń ro òun bí òun bá ń rìn. Ẹṣẹ́ thyroid ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa náà lè fà á: òtútù á máa mú èèyàn, ara á máa wúwo, ìgbẹ́ á máa le. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá pẹ̀lú. Bí ibẹ̀ bá dúdú, tó nípọn, tó sì ń rí bí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo ti rí ìyá tó ń fi kànrìnkànrìn bó ọrùn ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀, tí ọmọ ń sunkún. Ara tí kò gbọ́ràn sí insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mọ́ ló máa ń fa èyí. Ṣúgà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, kí ẹ fi kànrìnkànrìn sílẹ̀.

Fún làpálàpá, láàbù ni òpin àríyànjiyàn. Wọn yóò fá ìpẹ́pẹ́ díẹ̀, wọn yóò da potassium hydroxide sí i, wọn yóò sì wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù. Ẹ má fi ìpara làpálàpá kankan sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí ó má bàa fi ara pamọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ki ju ibòmíì lọ, nítorí náà ìpara nìkan kì í sábà wọ ibẹ̀ tán. Dókítà lè fi oògùn mímu kún un.

Ẹ kíyè sí ìpara alápapọ̀. Àwọn tí wọ́n po oògùn làpálàpá, oògùn kòkòrò àti steroid alágbára pọ̀ sínú túùbù kan, tí wọ́n ń tà bí ẹní ń ta súìtì. Steroid yóò pa ìyún, ẹ ó rò pé ó ti san, làpálàpá á sì máa ràn lábẹ́. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ó padà ní ìlọ́po.

*Ẹ má ṣe ìtọ́jú kankan nílé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn,* bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá ṣàdédé le láàárín oṣù mélòó kan, tó sì ń rù tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun. Nígbà mìíràn awọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa jẹjẹrẹ inú.

Ìpele 5: Ẹ rọ̀ ọ́, ẹ dín in kù, ẹ dì í

Ibí la ti wá ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀.

1. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi gbígbóná kò mú un yá, ńṣe ló ń gbẹ òróró ara. Ọṣẹ dúdú lágbára jù fún èyí, ẹ fi pamọ́ fún nǹkan mìíràn.
2. Ẹ nù ún, ẹ má gbàgbé àárín ọmọńka.
3. Ẹ fi òkúta gbo ó sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ojú kan, ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́: wọ́n fẹ́ kó tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà ní àlàáfíà pàápàá nípọn. Awọ òkè rẹ̀ máa ń tó mílímítà 1.5, nígbà tí ti ìpéǹpéjú jẹ́ 0.05. Ẹ fi èyí tí ara nílò sílẹ̀ fún un. Bó bá ti ń ta yín, ẹ ti kọjá ààlà.
4. Ẹ fi ìpara yúríà pa á nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Èyí jẹ́ alaalẹ́, kódà lọ́jọ́ tí kò sí òkúta. Ẹ má fi sí ojú ibi tó là tó ń ṣẹ̀jẹ̀, yóò ta gidigidi.
5. Ẹ fi Vaseline tàbí òrí bò ó, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Yúríà ló ń fa omi mọ́ awọ, òrí ló ń sé ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń fi òrí nìkan pa ẹsẹ̀ gbígbẹ táútáú ń ti ilẹ̀kùn ilé tó ṣófo.

Salicylic acid náà ń jẹ awọ tó le, àmọ́ ẹ má fi sára ọmọdé, aláboyún, tàbí ibi tó fẹ̀ láì bi dókítà, nítorí ara lè fà á mu. Irú kan wà nínú èyí tí a ń jogún tí awọ rẹ̀ máa ń ya tàbí kó lé ròrò bí ẹni tí iná jó bí a bá fi oògùn líle tàbí òkúta sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ padà sí Vaseline nìkan, kí ẹ sì rí dókítà.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yege:* lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ láàárọ̀. Ó yẹ kó tẹ̀ wọlé, kó sì padà. Bó bá ṣì ń dún kokoko bí igbá, ẹ gòkè láti 10% sí 20% tàbí 25%, ẹ má fi kún òkúta.

Ìpele 6: Ibi tó ti là

Etí méjèèjì tó le ni kò jẹ́ kí ó pàdé. Ẹ gbo etí yẹn fẹ́rẹ́, ẹ fi Vaseline sínú rẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà kọjá lórí rẹ̀ ní ìbú kí ó fa etí méjèèjì súnmọ́ra. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má da gúlúù oníbàtà sí i. Ìdọ̀tí ni yóò sé mọ́ inú. Bí ẹsẹ̀ bá gbóná, tó wú, tó sì ń yọ ọyún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé.

Ní ti bàtà, sílípáàsì tí kò ní ẹ̀yìn ń jẹ́ kí ẹran gìgísẹ̀ tẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ya. Ẹ wá èyí tó di ẹ̀yìn mú, fún oṣù kan péré, kí ẹ wo ìyàtọ̀.

Ìpele 7: Ọjọ́ 28

Ẹ tún ya fọ́tò, ní ibì kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ibi tó là bá ti pàdé, tó sì rọ̀, ẹ dín òkúta kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí yúríà máa bá a lọ. Bí kò bá yí padà, tàbí bébà ìran mẹ́ta ti kún fún àmì, ẹ wá dókítà awọ ara. Ẹ mú fọ́tò, bébà yẹn, àti túùbù gbogbo ìpara tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn.

Dókítà lè mẹ́nu kan acitretin, oògùn mímu kan tó jẹ́ ẹbí fítámì A. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan tó jogún rẹ̀, àmọ́ ó ń ba ọmọ inú jẹ́, ó sì ń pẹ́ nínú ara. Obìnrin kò gbọ́dọ̀ lóyún nígbà tó ń lò ó, àti fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó bá dá a dúró. Bí ẹ bá ṣì ń retí ọmọ, ẹ sọ ọ́ kó tó gbé bíírò, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè.